Ta Ló Ṣẹ Ọ̀run? Àsọtẹ́lẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn Olóoru àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bi

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá kéde pé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò móoru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí òjò yóò sì wọ́n, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìkéde náà máa ń gbà dé etí àwọn ènìyàn. Ẹnìkan a gbà á bí ìyà tí a ti kọ mọ́ ẹ̀dá láti òkè wá. Ẹlòmíràn a kà á sí àṣejù ọmọ ènìyàn tó fẹ́ mọ ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ẹnìkẹta a máa dúró de ọjọ́ tí kò ní ṣẹ, kí ó lè pe àwọn tó kéde rẹ̀ ní òpùrọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ wọn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n fi rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè méjì tó ti pẹ́ nínú ẹ̀sìn àti ìrònú Yorùbá ló wà ní ìdí rẹ̀. Èkíní ni pé irú ọ̀rọ̀ wo ni àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́, àti bóyá òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Èkejì, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé bí òjò bá kọ̀ tí ooru sì gba ilẹ̀ kan, ta ló jẹ̀bi?

Agbègbè Ìbà, láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, jìnnà sí etí òkun, síbẹ̀ òkun ló ń bu omi fún un. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń gba ọdún lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀. Ọ̀kan ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí Òkun Àtìláńtíìkì. Ó ru omi, ó sì máa ń gba Èkó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kí ó tó dé Òṣogbo àti Ìkìrun. Èkejì ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, láti inú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó gbẹ, ó sì máa ń kó eruku lẹ́búlẹ́bú láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Èyí ni Yorùbá ń pè ní ọyẹ́. Ààlà àwọn méjèèjì kì í dúró lójú kan: nínú oṣù Ògún, tí í ṣe oṣù kẹjọ, yóò ti gòkè dé bèbè aṣálẹ̀, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí í ṣe oṣù kìíní, yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí tòsí etí òkun, ẹ̀ẹ̀rùn yóò sì wà ní gbogbo ilẹ̀ tó bá bọ́ sí àríwá rẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò Ìkìrun fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Ẹ̀rẹ́nà àti oṣù Igbe, tí ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, tí ó sì máa ń dá ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú.

Ìtàn agbègbè náà fi hàn pé ọjọ́ tí òjò dá lè di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ní ọjọ́ 1 oṣù Bélú, ọdún 1878, ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹfọ̀n kó jáde, ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin àti àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní Ìkìrun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ sì bá odò Ọ̀tìn lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní. Odò tó gbé wọn lọ yìí kan náà ni wọ́n ń bọ bí òrìṣà ní Òkukù, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìjà náà bá ti wáyé nínú oṣù Èrèlé ni, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú odò fà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ wọ́ omi kọjá lọ sílé. Àwọn òpìtàn kì í sábà ka òjò mọ́ àwọn tó jagun, bẹ́ẹ̀ ó jagun.

Ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn àgbà mọ̀ ní agbègbè yìí ni èyí tí ọyẹ́ máa ń mú lówùúrọ̀, tí ètè máa ń là, tí eruku máa ń bo òrùn lójú títí di ìyálẹ̀ta, tí alẹ́ rẹ̀ sì máa ń tutù. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń kéde lẹ́nu ọdún mélòó kan sí àkókò yìí yàtọ̀ sí i: ọyẹ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ lágbára, òjò kò ní rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin òkun kò ní kúrò nílẹ̀ pátápátá, pàápàá láti Èkó lọ dé Kútọnu àti Lomé, tí ooru yóò fi jókòó sínú ilé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láàárín ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 15 oṣù Èrèlé, ọdún 2024, irú ooru bẹ́ẹ̀ bo gbogbo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣírò ooru tí ara ń mọ̀, ìyẹn ìṣirò tó pa gbígbóná afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin inú rẹ̀, wọ́n rí i pé ó tó ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó sì dé 60 ní àwọn ibì kan. Ọ̀rinrin ló fa èyí, nítorí pé òógùn tí kò bá gbẹ lára kò lè tu ara.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ irú ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ yẹ ní àlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ wà. NiMet, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nínú èyí tí wọ́n máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dá, iye ọjọ́ tí yóò fi sinmi nínú oṣù Ògún, àti bí ooru yóò ṣe rí ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà ní etí òkun láti Côte d'Ivoire dé Kamẹrúùnù, ibùdó ìmọ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Niamey ní ọdún 1987 máa ń pe àwọn onímọ̀ jọ kí wọ́n lè fi ohùn ṣọ̀kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò ṣòro láti tọ́ka sí. Wọn a kó àkọsílẹ̀ òjò tàbí ooru 30 ọdún jọ, ti 1991 sí 2020 fún àpẹẹrẹ. Wọn a to àwọn ọdún náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, láìka èyí tó ṣíwájú àti èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sí. Wọn a wá gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, ọdún 10 ní ìsàlẹ̀, ọdún 10 ní àárín, ọdún 10 ní òkè. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan nípa ọdún tó ń bọ̀ yóò fún ìdá kọ̀ọ̀kan ní 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ onímọ̀ ni láti wo òkun, kí ó sì sọ bóyá ìdí wà láti gbé ìwọ̀n náà kúrò lójú kan.

Òkun ni wọ́n ń wò, nítorí pé òkun kì í yára gbàgbé. Edward Lorenz ní Amẹ́ríkà fi hàn ní ọdún 1963 pé ìyàtọ̀ bíńtín nínú ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò afẹ́fẹ́ lè sọ ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà di ohun mìíràn pátápátá, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè sọ lónìí bóyá òjò yóò rọ̀ ní Ìnísà ní ọ̀sán ọjọ́ kan pàtó ní oṣù mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n omi òkun tó bá ti móoru kì í tutù lọ́sẹ̀ kan. Bí omi Òkun Pàsífíìkì bá móoru lọ́nà tí wọ́n ń pè ní El Niño, tàbí tí omi Àtìláńtíìkì ní ìsàlẹ̀ Gánà àti Nàìjíríà bá yí padà, àmì rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ohun tí wọ́n lè sọ ni ìtẹ̀sí ìgbà, wọn kò lè sọ ọjọ́. Bí wọ́n bá ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí pé ẹ̀ẹ̀rùn yóò bọ́ sí ìdá òkè nínú ooru, ohun tí wọ́n wí ni pé bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá yọ nígbà mẹ́wàá, ìgbà márùn-ún ni a ó rí irú ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀, ìgbà márùn-ún ni a kò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ta kókó nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Aristotle ará Gíríìsì ti béèrè, ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, bóyá gbólóhùn tó sọ pé ogun yóò jà lójú omi lọ́la ti jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ láti òní, nítorí pé bí ó bá ti jẹ́ òótọ́ láti òní, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́, ìgbìmọ̀ àti ìmúra sì di asán. Onímọ̀ ojú ọjọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan yẹ ìbéèrè náà: kò sọ pé ooru yóò mú, ìwọ̀n ìrètí ló sọ, ìwọ̀n ìrètí kì í sì í di irọ́ nítorí ọdún kan ṣoṣo. Ọ̀nà àbáyọ yìí dára fún un, àmọ́ kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ Òkukù. Òótọ́ onímọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí a kó jọ. Ẹ̀mí àgbẹ̀ wà nínú ọdún kan, lórí ilẹ̀ kan. Ẹni tó bá gbin iṣu sínú ebè nínú oṣù Bélú tàbí oṣù Ọ̀pẹ, tí ó ń retí òjò oṣù Ẹ̀rẹ́nà, a gé koríko gbígbẹ, a fi dé orí ebè kọ̀ọ̀kan, a sì gbé ògúlùtu lé e kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Bí oòrùn bá pa ẹ̀bù náà sínú ilẹ̀, kì í ṣe ìdajì rẹ̀ ni yóò kú nítorí pé ìdajì ni ìrètí. Yóò kú tán tàbí kí ó yè. Ẹni tó bá ń kéde ìwọ̀n ìrètí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti fi ohun mìíràn kún un, ohun náà ni Ifá ti mọ̀ tipẹ́.

Ifá kò gbà pé òótọ́ ọ̀la ti parí lónìí. Nítorí pé bí òní ti rí ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀ ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún, ẹni tó bá sì wo iṣẹ́ babaláwo dáadáa yóò rí i pé sísọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kọ́ ni olórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá ti balẹ̀, tí ọ̀kan nínú odù 256 sì ti yọ, babaláwo a fi ìbò lé oníbèéèrè lọ́wọ́, owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ni, egungun fún bẹ́ẹ̀kọ́. Oníbèéèrè a fi ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, a di ọwọ́ méjèèjì, babaláwo a sì tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọ kí ó lè mọ ọwọ́ tí yóò ní kí ó ṣí. Ìbéèrè ire tàbí ibi ló ṣíwájú. Bí ó bá jẹ́ ibi, wọn a béèrè irú ibi tí í ṣe, bóyá ikú ni, àrùn ni, òfò ni, tàbí ìjà. Lẹ́yìn náà ni wọn a béèrè ẹbọ, tí wọn a sì máa béèrè títí wọn yóò fi mọ ohun tí a ó fi rú u, ibi tí a ó gbé e sí, àti ẹni tí yóò gbé e. Odù tí kò bá yọrí sí ẹbọ tàbí ìkìlọ̀ kò tíì parí. Nínú ìlànà yìí, àsọtẹ́lẹ̀ ibi tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ ni èyí tí kò ṣẹ, nítorí pé ẹni tí a kìlọ̀ fún gbọ́. Ìtàn Jónà nínú Bíbélì bá èyí mu: Jónà kéde ìparun Nínéfè, ìlú náà ronú pìwà dà, ìparun kò dé mọ́, wòlíì sì bínú bí ẹni tí a dójú tì. Ìbínú Jónà ni ìbínú onímọ̀ tó fẹ́ràn òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju àlàáfíà àwọn tó sọ ọ́ fún lọ.

Ẹnìkan lè sọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, pé ìjọra yìí kò jinlẹ̀: ẹbọ ń fẹ́ yí òjò fúnra rẹ̀ padà, nígbà tí ìkéde NiMet kò lè ṣe ju kí ènìyàn gbẹ́ kànga rẹ̀ jinlẹ̀ sí i, kí ó ra irúgbìn àgbàdo tó máa ń tètè gbó, kí ó má sì tanná ran ìgbẹ́ nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ìyàtọ̀ náà tóbi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kí àṣà àti sáyẹ́ǹsì jọ mu ọtí pọ̀. Síbẹ̀ ohun kan ṣẹ́kù tí wọ́n jọ ní, ìyẹn ni pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ti wọ inú gbèsè: ó jẹ ẹni tó kìlọ̀ fún ní ohun tí yóò ṣe. Ìkéde tó dé Ìnísà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí a kùn ní pupa, láìsí ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀bù iṣu tàbí kànga, dà bí odù tí a dá tí a kò béèrè ẹbọ rẹ̀.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tó gba ibi púpọ̀ jù ní agbègbè náà lónìí gba ọ̀nà mìíràn wo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ọ̀la. Nínú Súrà Luqman nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 34, òjò wà lára àwọn ohun márùn-ún tí ìmọ̀ wọn wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, pẹ̀lú ọjọ́ ìkẹyìn, ohun tó wà nínú oyún, ohun tí ẹ̀dá yóò ṣe lọ́la, àti ilẹ̀ tí yóò kú sí. Hàdíìsì sì wà pé Ànábì bá àwọn tó sọ pé ìràwọ̀ kan ló fún wọn ní òjò wí. Àwọn oníwàásù kan ń fi èyí lé onímọ̀ ojú ọjọ́ kúrò nílé ìjọsìn. Àmọ́ ohun tí hàdíìsì náà kọ̀ ni kí a sọ ìràwọ̀ di olóore tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kọ̀ kí ènìyàn mọ àmì. Al-Ghazali, ọ̀mọ̀wé ńlá inú Islam tó kú ní ọdún 1111, rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní bí iná bá jó òwú, kì í ṣe iná ló jó o, Ọlọ́run ló mú kí òwú jó nígbà tí iná kàn án, nítorí pé ohun kan tí a máa ń rí pẹ̀lú èkejì kò fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ kò ní ìdí láti bẹ̀rù ìṣirò òkun, nítorí pé ìṣirò náà kò sọ ju ohun tí a máa ń rí pẹ̀lú ohun mìíràn lọ. Ní ti Bíbélì, nínú Lúùkù orí 12, Jésù gbà pé àwọn èrò tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ bí ìkùukùu ìwọ̀-oòrùn ṣe ń mú òjò wá àti bí afẹ́fẹ́ gúúsù ṣe ń mú ooru wá. Ohun tó bá wọn wí fún ni pé wọn kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ìgbà tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Kò bá wọn wí pé wọ́n wo sánmà.

Ìbéèrè èkejì ló wá kù, ìyẹn ìbéèrè ẹ̀bi. Nínú ìrònú àtijọ́, ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ lásán. Ìgbà yìí ni Ṣọ̀pọ̀ná máa ń jà, òrìṣà tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀ẹ́gbóná tàbí Ọbalúayé kí wọ́n má baà pè é wá. Ẹni tí àrùn rẹ̀ bá sì pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, ẹrù òkú a sì di ti àwọn àwòrò. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà ti Èkó wọ inú ẹgbẹ́ wọn láti mọ àṣírí iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná, ìyẹn àrùn Ṣọ̀pọ̀ná, mú ní Nàìjíríà mú un ní ọdún 1970, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní ọdún 1980 pé àrùn náà ti tán láyé. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lé àrùn lọ láìdáhùn ìbéèrè tí àrùn náà gbé dìde: kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀rùn kan fi pa ọmọ ilé yìí tí kò pa ti èkejì? Àwọn tó ń jẹun lára ìbéèrè náà ni wọ́n lé lọ, ìbéèrè dúró.

Ifá ní ìtàn méjì nípa òjò tó kọ̀, ìdáhùn wọn kò sì jọra. Nínú ọ̀kan, tó wà nínú odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá, àwọn òrìṣà ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ wá sáyé ń tún ayé ṣe láìka Ọ̀ṣun sí nítorí pé obìnrin ni, ohun tí wọ́n ń ṣe kò sì gún títí kan òjò, títí wọ́n fi lọ bẹ̀ ẹ́. Níbí, àwọn tó jẹ̀bi ni ìyà jẹ, àwọn náà ni wọ́n sì tún un ṣe. Nínú èkejì, Ọ̀run àti Ilẹ̀ jọ lọ dẹ̀gbẹ́, ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pa, wọn kò sì lè pín in nítorí pé oníkálùkù ní òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀run bínú gòkè lọ, ó sì há òjò mọ́wọ́. Irè oko kọ̀, odò fà, ìyà kan gbogbo ẹ̀dá. Nígbà tí ẹbọ yóò fi dé òkè, igún ló gbé e. Ẹbọ fín, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá; igún ń bọ̀ nínú òjò, kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣá a lórí títí orí rẹ̀ fi pá.

Ìtàn kejì yìí ni àwọn oníwàásù ẹ̀ẹ̀rùn kì í fẹ́ rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí a ti sọ pé ọmọ ènìyàn ṣẹ̀. Alágbára méjì ló jà, lórí ohun tí kò tó ẹ̀kún ọwọ́. Àwọn tí kò bá wọn dẹ̀gbẹ́, tí wọn kò sì bá wọn jẹ ẹmọ́, ni oko wọn gbẹ. Ẹni tó sì tún ọ̀rọ̀ ṣe kò rí ibi forí pamọ́ sí nínú òjò tó wá. Kì í ṣe òótọ́, nígbà náà, pé ìrònú Yorùbá máa ń di gbogbo ìyà ru ẹni tí ìyà jẹ, bí àwọn kan ti ń wí. Ó mọ̀ pé ọ̀dá lè wá láti inú ìjà àwọn tó jìnnà.

Fún ìgbà pípẹ́, ó dà bí ẹni pé sáyẹ́ǹsì ti mú ẹ̀bi kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pátápátá: afẹ́fẹ́ kan fẹ́, èkejì kò fẹ́, kò sẹ́ni tó bínú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló tún ṣílẹ̀kùn fún ìbéèrè náà. Nínú oṣù Ẹ̀rẹ́nà, ọdún 2024, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń jẹ́ World Weather Attribution gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí ooru oṣù Èrèlé jáde. Ohun tí irú wọn máa ń ṣe ni pé wọn a fi kọ̀ǹpútà ṣírò ayé méjì, èyí tí a wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ì bá wà bí kò bá sí èéfín epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ti tú sí òfuurufú láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀; wọn a wá fi wọ́n wé ara wọn. Wọ́n rí i pé èéfín náà ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 10, ó sì ti fi bí ìwọ̀n 4 kún gbígbóná rẹ̀. Ẹ̀bi padà wọlé, àmọ́ ní aṣọ mìíràn. Kò sí ẹni tí a lè nàka sí pé òun ló mú ooru ọjọ́ 11 wá. Ohun tí a lè sọ ni pé àwọn kan ti fi kún ìrètí rẹ̀, oníkálùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó ti jẹ́ pé ìwọ̀n ìrètí ni àsọtẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀bi ti di ìwọ̀n ìrètí, èyí sì jẹ́ irú ẹ̀bi tí ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ààfin ọba kò tíì mọ bí wọn yóò ṣe dá.

Ìrònú méjì ló gbọ́dọ̀ dìde níbí, kò sì yẹ kí ọ̀kan pa èkejì lẹ́nu mọ́. Èkíní ni pé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ kò tú ju bí 4 lọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú lónìí, ìpín ìyá àgbà tó ń dáná igi ní Òkukù nínú rẹ̀ kò sì tó ohun tí a ń kà. Òun kò bá ẹnikẹ́ni dẹ̀gbẹ́. Èkejì ni pé Nàìjíríà kò mọ́ lọ́wọ́ tán: gáàsì ti ń jó dànù ní Niger Delta fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítòsí ilé pàápàá sì ni igi ìgbẹ́ ti ń di èédú tí wọ́n ń kó lọ tà, tí iná oko tí kò ní olùṣọ́ sì ń jó ẹgàn tó yẹ kó dáàbò bo etí odò Ọ̀tìn. Ẹni tó bá ka èkíní nìkan yóò sọ ara rẹ̀ di aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá ka èkejì nìkan yóò máa lu àyà nítorí gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ. Nínú àwọn méjèèjì, ti ìkẹyìn ló burú jù, nítorí pé òun ló máa ń dá ẹlẹ́bi ńlá sílẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ àdúrà níbí. Ní ọdún tí òjò bá pẹ́, àwọn Mùsùlùmí máa ń jáde lọ sí pápá láti kí ìrun ìtọrọ òjò, nínú èyí tí imam máa ń yí aṣọ rẹ̀ padà bí Ànábì ti ṣe, tí gbogbo ìjọ sì máa ń tọrọ àforíjìn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ní ààwẹ̀ àti ìrònúpìwàdà tiwọn. Àwọn onísẹ̀ṣe ní ẹbọ ìlú. Ẹni tó ti ka ìwádìí ọdún 2024 lè béèrè pé kí ni ìlú tí kò ṣẹ̀ ń tọrọ àforíjìn fún. Ìdáhùn wà nínú ẹbọ ìlú fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń rú u kì í sábà jẹ́ àwọn tó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Wọ́n ń rú u nítorí pé àwọn ni wọ́n wà nílẹ̀ nígbà tí ìyà dé, àti nítorí pé ẹni tó bá tọrọ òjò lọ́wọ́ Ọlọ́run kò lè fi ẹ̀tọ́ tọrọ rẹ̀. Ìrẹ̀sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run kì í ṣe ìjẹ́wọ́ níwájú ènìyàn. Ní ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Sharm el-Sheikh ní ilẹ̀ Íjíbítì nínú oṣù Bélú, ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àdánù tí ìyípadà ojú ọjọ́ ń fà fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n má baà pè é ní owó ìtanràn. Ìlú tó wólẹ̀ ní pápá Yídì ní òwúrọ̀ lè rán aṣojú ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà láti béèrè ohun tó kàn án nínú owó yẹn, fún kànga, fún irúgbìn, fún igi tí wọn yóò tún gbìn sí etí Ọ̀tìn, láìsí pé ìṣe kan tako èkejì.